Wọ́n fọ ìdí eyín mi, ẹ̀jẹ̀ dúró, àmọ́ egungun ò padà

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, dókítà eyín sọ fún mi pé àrùn èrìgì ti jẹ nínú egungun àgbọ̀n tó di eyín mi mú. Wọn ò fi abẹ la èrìgì mi. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kí n má baà jẹ̀rora, wọ́n sì ha ìdí eyín mi, apá ọ̀tún lọ́jọ́ kan, apá òsì lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ tí mo máa ń rí nínú itọ́ láràárọ̀ ti dúró, ẹnu mi ò rùn mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún ya X-ray, egungun yẹn ò kúrò níbi tó wà. Eyín iwájú mi tún wá dà bíi pé ó gùn sí i, àlàfo dúdú yọ láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní fífọ̀ yẹn gan-an ló ba eyín mi jẹ́. Dókítà sì tún ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ fún eyín ẹ̀yìn méjì. Kí wá ni èrè gbogbo ohun tí mo fara dà? Ṣé ó ṣe egungun mi lóore rárá?

* * *

Ó ṣe é lóore. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn yín balẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí láti ọdún 14 sẹ́yìn: èmi ni mo máa ń jókòó ti aláìsàn tí mo máa ń ha ìdí eyín. Mo mọ bí ojú èèyàn ṣe máa ń rí bó bá wo X-ray méjì tí kò rí ìyàtọ̀.

Ẹ padà wo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ: "egungun yẹn ò kúrò níbi tó wà." Kí ẹ tó gba ìtọ́jú, ńṣe ló ń kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, láìdùn yín, bóyá láti ọdún pípẹ́. Ní báyìí ó dúró. Ìdádúró yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ ha ìdí eyín yín.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kòkòrò ló ń jẹ egungun bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ara wa gan-an ló ń tú u. Kòkòrò àìfojúrí á kóra jọ sí abẹ́ èrìgì, ara á rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ bá wọn jà, èrìgì á pọ́n, á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí ìjà náà bá ń pẹ́ nílẹ̀, ó máa ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní osteoclast. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa tú egungun. Egungun á wá máa sá fún ojú ogun, á máa lọ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò eyín, èrìgì á sì ṣí sílẹ̀ di àpò.

Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ èrìgì ni iná yẹn. Bí wọ́n bá ti kó o kúrò, ogun á rọlẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú egungun á dẹwọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dúró lẹ́nu yín ni àmì tó sún mọ́ yín jù lọ pé ogun ti rọlẹ̀. X-ray kì í tètè rí i.

* * *

Ní ti bóyá egungun máa padà, ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn pín sí, mi ò sì fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Àwọn kan ní egungun tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, kí èèyàn gba kámú. Àwọn kejì ní bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ dáadáa, egungun á hù padà bí irun. Àwọn kejì yìí ló ń dùn mí jù, torí àwọn tí wọ́n bá fi irú ìlérí bẹ́ẹ̀ tàn ni kì í padà wá mọ́ bí wọn ò bá rí i.

Bí egungun ṣe lọ ló máa sọ ohun tó lè padà. Ẹ wo ògiri tí orí rẹ̀ fọ́ gba ọ̀ọ́kán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó wá kúrú. Bó ṣe máa ń rí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn, pàápàá ní eyín iwájú. Èyí kì í ga padà. Kò sí ẹ̀gbẹ́ kankan tí egungun tuntun lè fara tì. Ẹ tún wo ibòmíràn tí ihò jinlẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò kan ṣoṣo, tí egungun ṣì yí ihò náà ká. Ìsàlẹ̀ irú ihò yìí lè kún díẹ̀ lẹ́yìn fífọ̀ lásán, kò sì di dandan kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ.

Mo rántí eyín ẹ̀yìn obìnrin kan. X-ray àkọ́kọ́ fi òjìji dúdú kan hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, ó ṣe ṣóńṣó bí ojú ọ̀kọ̀, etí egungun tó yí i ká sì rí hábahàba bí etí bébà tí omi ti rẹ. A fọ̀ ọ́. Lóṣù kẹrin, a ò rí ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tó pé ọdún kan, a gbé fọ́tò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú iná. Òjìji yẹn ti kúrú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di eérú, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti fà lé etí egungun, ó ṣe gédégédé. Egungun náà ò ga tó bó ṣe wà kí àìsàn tó dé, ṣùgbọ́n ó ti le. Obìnrin náà fi ìka tọ ìlà yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù mẹ́rin ti yá jù fún yín láti fi X-ray ṣe ìdájọ́. Egungun máa ń gbà tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kí ìyípadà rẹ̀ tó hàn níbẹ̀.

* * *

Ẹnìkan béèrè pé: bí egungun ò bá padà, báwo ni àpò ṣe ń kúrú?

Ìbéèrè gidi nìyí. Ọ̀nà méjì ló ń gbà kúrú. Èrìgì tó wú á fọn, etí rẹ̀ á lọ sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara èrìgì á tún lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò tó ti mọ́. Awọ lásán ni. Kì í ṣe okùn àkọ́kọ́ tó so eyín mọ́ egungun, àmọ́ ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ kòkòrò bí èèyàn bá ń tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fàlà sí ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ojú mẹ́fà lára eyín kọ̀ọ̀kan. Mìlímítà 1 sí 3 dára. Àpò tó jìn tó 4 sí 6 máa ń fi bíi mìlímítà 1 kúrú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ lẹ́yìn fífọ̀ dáadáa, èyí tó jìn tó 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ á fi bíi 2. Ìwọ̀n tó jẹ́ àpapọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni o. Ti ẹnìkan lè yàtọ̀.

* * *

Mo dé sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Mi ò bínú sí wọn, torí ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Wọ́n rí eyín tí kò ní àlàfo kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, wọ́n sì rí àlàfo lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni kò ní sọ pé fífọ̀ ló fà á?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ èmi tí mò ń fọ̀ ọ́. Bí mo bá ti irin sábẹ́ èrìgì, ojú mi kì í rí ibi tí mò ń ṣiṣẹ́. Ìka ni mo fi ń ríran. Òkúta eyín, ìyẹn ìdọ̀tí tó ti le mọ́ ara eyín, máa ń ta irin náà gbọ̀n bí ìgbà tí táyà bá gun òkúta lójú ọ̀nà. Màá ha á, màá tún ha á, títí irin á fi máa yọ̀ lórí gbòǹgbò bí ẹni fi èékánná fa ojú dígí. Lọ́jọ́ kan mo gbé èyí tó já lẹ́nu ọkùnrin kan sórí aṣọ funfun kó lè rí i. Èyí tó wà lókè èrìgì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èyí tó wá láti abẹ́ èrìgì dúdú, ó le koko, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń sun síbẹ̀ ló ti pa á láró. Ó yà á lẹ́nu pé nǹkan tó tó báyẹn wà lẹ́nu òun, tí kò sì dun òun.

Nǹkan yẹn ló dí àlàfo náà. Egungun ti lọ tipẹ́, èrìgì tó wú àti òkúta eyín ló bò ó mọ́lẹ̀. Bí òkúta bá kúrò, tí èrìgì sì fọn, ohun tí àìsàn ti jẹ á wá hàn síta. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí wọ́n bá aláìsàn sọ KÍ wọ́n tó mú irin. Bí wọn ò bá sọ ọ́ fún yín, wọn ò ṣe dáadáa fún yín, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹjọ́ ìyẹn sùn níwájú wọn.

Àlàfo yẹn kò ṣeé fi sílẹ̀ lásán. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré àárín eyín ló bá a mu, èyí tó bá kún àlàfo náà dáadáa láìfipá tì í. Òwú eyín kì í tó níbi tí àlàfo bá ti fẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò máa ń ní kòtò tí òwú á kàn fò kọjá. Bí omi tútù bá ń ta yín léyín, ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ṣe fún eyín tó ń ta èèyàn sì máa ń ràn án lọ́wọ́.

* * *

Ẹlòmíràn ní eyín òun mì lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán.

Ó lè mì fún ọjọ́ díẹ̀. Òkúta eyín máa ń so eyín pọ̀ bí símẹ́ǹtì, bó bá kúrò eyín kọ̀ọ̀kan á dá dúró. Lẹ́yìn náà, bí wíwú bá ti lọ, ọ̀pọ̀ eyín máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá wá ń mì sí i lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ padà lọ kí wọ́n wò ó. Ó lè jẹ́ pé egungun tó kù kò tó, ó sì lè jẹ́ pé eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń gbá ara wọn lọ́nà tí kò dáa.

* * *

Lórí iṣẹ́ abẹ. Ibí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí, kódà láàárín àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Èrò kan ni pé bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe iṣẹ́ abẹ, fífọ̀ ti kùnà. Mi ò gbà. Ìlànà tí àjọ àwọn onímọ̀ àrùn èrìgì ní Yúróòpù gbé jáde lọ́dún 2020 ṣe é ní ìpele: kọ́kọ́ kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe máa fọnu, kí o bá a wá nǹkan ṣe sí sìgá àti ìtọ̀ ṣúgà; lẹ́yìn náà fọ abẹ́ èrìgì; tún wọn gbogbo àpò. Ibi tó bá ṣì jìn tó 4 tàbí 5, tún un fọ̀. Ibi tó bá jìn tó 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ lè wọlé. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹnu ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀, tó wá ku eyín méjì, iṣẹ́ ti ṣe nìyẹn.

Kò sì yà mí lẹ́nu pé eyín ẹ̀yìn ni méjèèjì. Eyín ẹ̀yìn ní gbòǹgbò méjì tàbí mẹ́ta. Bí egungun bá lọ débi tí gbòǹgbò ti pínyà, ihò tóóró kan á ṣí níbẹ̀. Lọ́dún 1979, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Bower wọn ẹnu ihò yìí lára ọ̀pọ̀ eyín ẹ̀yìn: 81% nínú wọn kò fẹ̀ ju mìlímítà 1 lọ, 58% kò sì ju 0.75 lọ. Ojú irin tí a fi ń ha eyín, láti bíi 0.75 lọ sókè ni. Irin ọ̀hún ò wọlé! Kò sí bí ọwọ́ èèyàn ṣe lè dára tó. Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n tó sì ń tu omi, tó ní ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́, máa ń ṣe díẹ̀ sí i níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti fi irú ibẹ̀ sílẹ̀ rí pẹ̀lú ìbànújẹ́, torí mo mọ̀ pé ìdọ̀tí ṣì kù níbẹ̀.

Tí ihò ṣóńṣó bá wà nínú egungun, tó jìn tó mìlímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, àwọn iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n fi ń mú kí egungun hù síbẹ̀. Fífọ̀ nìkan ò lè ṣe tó ìyẹn. Ẹ má sá fún un torí orúkọ abẹ.

Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ gbé yín wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ káàkiri ẹnu yín, tí ẹ ò sì tíì mọ bí a ti ń fọ àárín eyín, ẹ ní kí wọ́n dúró ná. Ó ti hàn láti àwọn ọdún 1970 sí 1979 pé iṣẹ́ abẹ lẹ́nu tí kò mọ́ máa ń jẹ́ kí egungun lọ sí i ni.

* * *

Ní ṣókí fún àwọn tó ń béèrè oògùn: àǹtíbáyọ́tíìkì nìkan kò lè wo àrùn yìí. Kòkòrò tó wà lábẹ́ èrìgì fi nǹkan yíyọ̀ bora, oògùn kì í ráyè wọlé dáadáa tí irin ò bá kọ́kọ́ tú u ká. Ìlànà 2020 yẹn ò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fún gbogbo èèyàn. Kò sì dámọ̀ràn iná laser mọ́ fífọ̀. Omi ìfọnu kì í dé ìsàlẹ̀ àpò. Ẹ má fi owó yín wá egungun nínú ìgò.

* * *

Sìgá. Ẹnìkan ní òun ń mu ún, èrìgì òun kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀, nítorí náà egungun òun dára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Sìgá máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú èrìgì kù, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀jẹ̀. Ó pa agogo tó yẹ kó lù fún yín. Lábẹ́ èrìgì tó dà bí ẹni pé ó dára yẹn, mo ti bá àpò tó jìn tó mìlímítà 8 pàdé. Ẹni tó ń mu sìgá kì í rí èrè ìtọ́jú yìí tó ẹni tí kò mu ún. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun kan ṣoṣo fún egungun yín lọ́dún yìí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìtọ̀ ṣúgà náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ó bọ̀. Ṣúgà tó ga ń mú kí egungun yára lọ. Èrìgì tó ń ṣàìsàn sì ń mú kí ṣúgà ṣòroó ṣàkóso. Àkópọ̀ ìwádìí tí Cochrane, àjọ tó ń ṣàkójọ ìwádìí ìṣègùn, gbé jáde lọ́dún 2022 rí i pé fífọ abẹ́ èrìgì mú kí HbA1c, ìyẹn ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, fi 0.43% wálẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ sọ fún dókítà eyín àti dókítà ìtọ̀ ṣúgà yín pé ẹ ń rí èkejì.

* * *

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi tún ní kí n kúkú yọ eyín ẹ̀yìn méjèèjì, kí n sinmi. Kí lẹ rí sí i? Àti pé títí ìgbà wo ni màá fi máa padà lọ fọ̀ ọ́?

* * *

Bó bá jẹ́ pé egungun àgbọ̀n lẹ fẹ́ dáàbò bò, yíyọ eyín ni ohun tó máa ń mú un lọ jù. Egungun yẹn torí eyín ló ṣe wà níbẹ̀. Bí eyín bá ti kúrò, fífẹ̀ egungun ibẹ̀ lè dín kù ní ìdajì láàárín oṣù 12, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì máa ń yára jù. Eyín tó ṣẹ́ ku sí ìdajì egungun tí kò ṣàìsàn mọ́ ṣì lè lọ oúnjẹ fún ọdún púpọ̀. Mo ti rí i lẹ́nu àwọn tí mò ń tọ́jú.

Ẹni tó bá ń lo oògùn fún egungun tó ń gbó, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bisphosphonate, kí ó sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀. Ojú eyín yíyọ máa ń ṣòroó jinná lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, egungun àgbọ̀n sì lè kú níbẹ̀. Fún wọn, fífọ̀ láìlo abẹ dára ju yíyọ lọ.

Ìbéèrè kejì: ẹ máa padà lọ títí. Ó wù mí kí n lè sọ ohun mìíràn. Lọ́dún 1965, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí èèyàn 12 tí èrìgì wọn dára má fọnu mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti wú. Wọ́n padà sí fífọnu, ó sì jinná. Bí ìdọ̀tí yẹn ṣe ń yára kóra jọ nìyẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ní Sweden, àwọn olùwádìí méjì, Axelsson àti Lindhe, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní nǹkan bí ọdún 1972, wọ́n ń pè wọ́n padà déédéé, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fọ àárín eyín. Lẹ́yìn ọdún 30, kódà àwọn tó dàgbà jù nínú wọn kò pàdánù tó eyín méjì-méjì ní ìpíndọ́gba, díẹ̀ péré nínú ìyẹn ló jẹ́ ti àrùn èrìgì.

Mo ní aláìsàn kan tí àpò rẹ̀ ti lọ láti 7 sí 3. Inú wa dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó wá rí i pé ara òun ti dá, kò wá mọ́ fún ọdún méjì àbọ̀. Ìgbà tó padà, mo ti ọ̀pá ìwọ̀n bọ ibi kan náà, ẹ̀jẹ̀ ti ṣẹ́ yọ kí n tó kà á dé 8. Ó ń wo ojú mi, mi ò sì lè fi pamọ́.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún kan bá kọjá tí ẹ̀jẹ̀ ò yọ, wọ́n lè sún un jìnnà sí i fún yín.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ nípa eyín méjì yẹn, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n ojú mẹ́fà tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yín, ti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn àti ti ìsinsìnyí. Ẹ bi wọ́n bóyá egungun lọ gba ọ̀ọ́kán ni tàbí ihò ṣóńṣó ni, àti bóyá ibi tí gbòǹgbò ti pínyà ti ṣí. Kí wọ́n fi hàn yín lórí X-ray. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n yín dání, kí àwọn náà fojú ara wọn rí i. Bí ẹ bá ti gba ìwọ̀n yẹn, ẹ kọ ọ́ síbí, màá bá yín kà á.